Nígbà tí Mẹ́ta Jáde nínú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: Àríyànjiyàn lórí ECOWAS àti Ohun tí ó Kan Ọmọ Yorùbá ní Ìdálẹ̀

Láti ìlú Illela ní ìpínlẹ̀ Sókótó dé ìlú Kọ́nní ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀, ọ̀nà náà kò tó ibùsọ̀ mẹ́wàá. Èdè Hausa kan náà ni wọ́n ń sọ ní ìhín àti ní ọ̀hún. Ẹbí kan náà ni ààlà là sí méjì. Màlúù àti àgbò ń ti àríwá sọ̀kalẹ̀ wá, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ń tẹ̀lé wọn. Obì tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Yorùbá, aṣọ, ike àti oríṣiríṣi ohun èlò tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ń gòkè lọ. Náírà àti sẹ́fà jọ ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú ọjà kan náà. Ọmọ Yorùbá tí ó ń tajà ní Sókótó, ní Katsina tàbí ní Kánò mọ̀ dájú pé kì í ṣe gbogbo oníbàárà òun ni ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn mìíràn ń ti òdìkejì ibodè wá.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, nǹkan ńlá yí padà lórí ààlà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ odi síbẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni Nìjẹ̀, Màlì àti Bùkínà Fasò jáde kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé wọn. Ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di ti méjìlá. Kí ó má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Niamey ni ọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Niger tí olú-ìlú tirẹ̀ jẹ́ Minna.

Láti ìgbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kéde ìpinnu wọn ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé òmìnira ni wọ́n gbà; àwọn mìíràn ń sọ pé ìbínú ni ó mú wọn fi ilé baba wọn sílẹ̀ lọ sùn sínú òjò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn olórí ìjọba nìkan. Ó kan ẹni tí ó ń kó àlùbọ́sà, ó kan awakọ̀ tírélà, ó sì kan ọmọ Yorùbá tí baba rẹ̀ ti ń gbé ní ìdálẹ̀ kí a tó bí i.

ILÉ TÍ A KỌ́ NÍ ÈKÓ

Ìlú Èkó ni a ti bí ECOWAS. Ní ọjọ́ 28 oṣù Èbìbí ọdún 1975, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn níbẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ni wọ́n ṣíwájú iṣẹ́ náà. Ọdún 1972 ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan láàárín ara wọn, kí ó lè jẹ́ ìpìlẹ̀ tí àwọn yòókù yóò kọ́lé lé.

Ẹni tí ó ṣe wàhálà jù lọ lórí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni Kọmíṣánnà Ìjọba Àpapọ̀ fún ètò ọrọ̀-ajé àti àtúnkọ́ ìlú nígbà náà. Ní ọdún 1973, òun pẹ̀lú àwọn aṣojú láti Tógò lọ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tí ó ń sọ èdè Faransé, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ń ṣàlàyé. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Àwọn tí Faransé ti ṣe àkóso wọn rí ń fòyà pé Nàìjíríà tí ó tóbi yóò gbé àwọn mì. Ìfòyà yìí kò tíì tán nínú ọkàn àwọn kan títí di òní, ó sì wà lára ohun tí ó fa ìjà tí a ń sọ yìí.

Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè Cape Verde wọlé ní ọdún 1977, wọ́n sì di mẹ́rìndínlógún. Mọ̀riténíà jáde ní ọdún 2000, wọ́n tún padà di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láàárín ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò tún jáde mọ́.

OHUN TÍ ÀDÉHÙN NÁÀ ṢE FÚN ARÁ ÌDÁLẸ̀

Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti gbé ní Gánà rí kò ní gbàgbé oṣù Bélú ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gba ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ lára àwọn tí àṣẹ náà lé. Àwọn tí ó ti ní ilé àti ìsọ̀ ní Kumasi, ní Tamale àti ní Accra padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè gbé. Àwọn tí wọ́n bí sí Gánà, tí wọn kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà oko baba wọn, ni wọ́n ń kọ́ bí a ti ń gbé ilé.

Nítorí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn tí àwọn olórí ECOWAS ṣe ní Dakar ní oṣù Èbìbí ọdún 1979 fi ṣe pàtàkì. Àdéhùn náà sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ó bá ṣáà ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti gbélùú àti láti dá òwò sílẹ̀ kún un. Ó wà lára ohun tí ó mú kí ọmọ Èjìgbò lè máa wọ ọkọ̀ láti ìlú rẹ̀ lọ tààrà sí Abidjan lónìí, kí ó máa sọ Faransé bí ẹni tí a bí sí i, kí ó sì tún padà wá kọ́lé sí Èjìgbò.

Kì í ṣe pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pa àdéhùn náà mọ́. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ lé àwọn àlejò ní ọdún 1983 àti ní ọdún 1985, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ láti ọdún 1984 di ọdún 1986; ó tún tì í pa fún ẹrù láti oṣù Ògún ọdún 2019 di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020. Gbogbo ẹni tí ó ń rìn lójú ọ̀nà ni ó sì mọ̀ pé àwọn kan lára àwọn aṣọ́bodè kì í jẹ́ kí ènìyàn kọjá láìṣe pé ó fi nǹkan sílẹ̀. Síbẹ̀, òfin wà tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Ẹni tí a ń rẹ́ jẹ tí ó ní òfin lẹ́yìn sàn ju ẹni tí a ń rẹ́ jẹ tí kò ní nǹkan kan lọ.

BÍ ÌJÀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ní oṣù Ògún ọdún 2020, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Ibrahim Boubacar Keïta ní Màlì. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2021, wọ́n tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì, Assimi Goïta sì di olórí. Ní ọdún 2022, wọ́n gba ìjọba lẹ́ẹ̀mejì ní Bùkínà Fasò, Ibrahim Traoré sì jókòó sórí àlééfà láti oṣù Owéwe ọdún náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Agẹmọ ọdún 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Nìjẹ̀ yí padà sí i, wọ́n tì í mọ́lé, Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani sì kéde ara rẹ̀ ní olórí.

ECOWAS ti kọ́kọ́ fi ìyà jẹ Màlì. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, nígbà tí àwọn ológun ibẹ̀ sún ọjọ́ ìdìbò síwájú, àwọn olórí ẹgbẹ́ náà pa ibodè wọn dé mọ́ ọn, wọ́n sì dí ojú owó rẹ̀ tí ó wà ní ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ìyà náà fi wà kí wọ́n tó mú un kúrò.

Ti Nìjẹ̀ ni ó wá le jù. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti yan Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti Nàìjíríà ní alága ECOWAS tí ìjọba Bazoum fi bọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Agẹmọ, ìpàdé àwọn olórí ní Abuja fún àwọn ológun Nìjẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan péré láti dá Bazoum padà sípò, wọ́n sì sọ pé àwọn lè lo agbára ológun bí wọ́n bá kọ̀. Wọ́n ti ibodè pa. Wọ́n dáwọ́ káràkátà dúró. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tí ó ń fún Nìjẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí Nìjẹ̀ ń lò ni ó ń ti Nàìjíríà wá.

Ọ̀sẹ̀ kan pé. Ogun kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun ti jáde lẹ́nu, ẹyin ohùn sì ni, bí ó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Ní oṣù Owéwe ọdún 2023, Màlì, Bùkínà Fasò àti Nìjẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé pé bí ẹnikẹ́ni bá gbógun ti ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ni ó gbógun tì. Wọ́n pe ẹgbẹ́ tuntun náà ní Àjọṣepọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Sàhẹ́lì, èyí tí a mọ̀ sí AES. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, wọ́n kéde lọ́jọ́ kan náà pé àwọn ti jáde nínú ECOWAS.

OHUN TÍ ÀWỌN TÍ Ó JÁDE Ń WÍ

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n fi kan ECOWAS. Èkíní ni pé ẹgbẹ́ náà ti kúrò lójú ọ̀nà tí àwọn baba tí ó dá a sílẹ̀ là, pé àwọn ìjọba òkèèrè ni ó ń darí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti wí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Faransé ni gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọ́n ń bá wí. Èkejì ni pé nígbà tí àwọn apániláyà ń jó abúlé, tí wọ́n ń pa àgbẹ̀ àti darandaran láti ọdún 2012 wá, ECOWAS kò rán ọmọ ogun kan láti gbà wọ́n bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ààrẹ kan ṣoṣo bọ́ lórí oyè, kíá ni ó rántí pé òun ní ọmọ ogun. Ẹ̀kẹta ni pé ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n kò bófin mu, kò sì ní àánú nínú, nítorí pé kì í ṣe àwọn ọ̀gágun ni ebi pa, àwọn mẹ̀kúnnù ni.

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọ pé ẹ̀sùn ẹ̀kẹta yìí kò ní òtítọ́ nínú. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ìdí ọ̀rọ̀ ni pé nígbà tí ECOWAS ń lo ọwọ́ òsì, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé ọdún 2024 ni ẹgbẹ́ náà tó mú èyí tí ó pọ̀ jù kúrò nínú ìyà Nìjẹ̀, ìyẹn ni pé ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé oṣù kan tí àwọn mẹ́ta náà ti kéde pé àwọn ń lọ. Ọ̀gágun Gowon, ẹni tí ó kù nínú àwọn baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà, ni ó ti jáde ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìpàdé yẹn láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú ìyà náà kúrò, kí àwọn mẹ́ta náà sì padà sílé.

OHUN TÍ ÀWỌN TÍ Ó KÙ Ń WÍ

Àwọn tí ó kù náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú Màlì, Bùkínà Fasò tàbí Nìjẹ̀ fi ọwọ́ sí àdéhùn ọdún 2001 tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ìjọba ní ọ̀nà tí kò bá ìwé òfin mu. Bí a bá jọ ṣe òfin, tí ọ̀kan nínú wa wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣé kí àwọn yòókù máa wò ó ni? Wọ́n ní bí wọ́n bá dákẹ́ lórí Nìjẹ̀ lẹ́yìn Màlì àti Bùkínà Fasò, kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà tí ààrẹ rẹ̀ yóò lè sùn kí ó di ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n tún ń tọ́ka sí Bazoum, ẹni tí àwọn ènìyàn dìbò yàn, tí ó ṣì wà ní àhámọ́ nígbà tí ó pé ọdún méjì tí wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí jíjáde náà, wọ́n ní ìwé àdéhùn tí wọ́n tún ṣe ní Kútọnu ní ọdún 1993 fi ọ̀nà hàn: ẹni tí ó bá fẹ́ lọ yóò kọ ìwé, yóò sì dúró fún ọdún kan kí ó tó lọ. Àwọn mẹ́ta náà ti kọ́kọ́ sọ pé lójú ẹsẹ̀ ni àwọn lọ. Ṣùgbọ́n ọdún kan náà ni ECOWAS kà, òun ni ó fi di ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025.

Ìbéèrè kan sì wà tí kò sí ẹni tí ó dáhùn rẹ̀. Ta ni ó bi àwọn ará ìlú? Òótọ́ ni pé ogunlọ́gọ̀ tú jáde ní Bamako, ní Ouagadougou àti ní Niamey láti yọ̀ pé àwọn ti bọ́. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ ojú títì kọ́ ni ìdìbò. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Yúróòpù, wọ́n dìbò ní oṣù Òkúdù ọdún 2016. Ìdá 52 nínú 100 ní kí àwọn lọ, ìdá 48 ní kí àwọn dúró. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n tún fi jà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020. Bí ó ti wù kí ìjà wọn gùn tó, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n lọ láǹfààní láti wí bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ní Sàhẹ́lì, àwọn ológun ni ó pinnu, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí ì bá sọ ohun mìíràn kò sì ní ẹnu láti sọ ọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba Nìjẹ̀ àti ti Màlì tú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ká pátápátá.

ÀRÍYÀNJIYÀN NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Ní Nàìjíríà pàápàá, ohùn kò ṣọ̀kan. Ìpínlẹ̀ méje ni ó bá Nìjẹ̀ pààlà: Sókótó, Kebbi, Zamfara, Katsina, Jigawa, Yobe àti Borno. Àwọn aṣòfin láti ìhà àríwá ta ko ogun ní gbangba. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ògún ọdún 2023, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gba ààrẹ nímọ̀ràn pé kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar àti Sultan Sókótó lọ sí Niamey. Lẹ́yìn wọn ni Muhammadu Sanusi, tí ó jẹ́ Emir Kánò àná nígbà náà, lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àfáà ńláńlá lọ. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí a fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu ni a ó fi sọ ọ́.

Àwọn tí ó faramọ́ ìgbésẹ̀ ìjọba ní tiwọn ń sọ pé Nàìjíríà ti jẹ ìyà ìjọba ológun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì mọ adùn ohun tí ó ń dáàbò bò. Láàárín ECOWAS náà, Senegal, Côte d'Ivoire àti Bẹ̀nẹ̀ gbà láti fi ọmọ ogun sílẹ̀, Cape Verde ní òun kò fẹ́ ogun, Tógò sì ń bá àwọn ológun Nìjẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí inú rẹ̀ pín báyìí kò lè fi ohùn kan báni wí.

ẸNI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ DÙN

Láti ìparí oṣù Agẹmọ ọdún 2023 di oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024 ni ibodè Nàìjíríà àti Nìjẹ̀ fi wà ní títì. Àwọn tírélà tò sí ojú ọ̀nà, ọjà tí kì í pẹ́ bàjẹ́ sì bàjẹ́ mọ́ wọn lórí. Àwọn tí ó mọ ọ̀nà inú igbó gba inú igbó, wọ́n sì fi ẹ̀mí wọn wéwu lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà. Ní Illela, ní Jibiya àti ní Maradi, ẹni tí kò bá Bazoum mọ̀ rí, tí kò sì bá Tiani jẹun rí, ni ó ń san gbèsè ìjà àwọn méjèèjì.

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè AES gbé owó-orí tuntun kalẹ̀ lórí ọjà tí ó bá ti ìta wọ ilẹ̀ wọn, yàtọ̀ sí ohun ìrànwọ́ fún àwọn tí ìyà ń jẹ. Ààbọ̀ náírà lórí 100 náírà ni. Bí oníṣòwò bá kó ọjà mílíọ̀nù kan náírà lọ, 5,000 náírà ni yóò fi kún ohun tí ó ti ń san tẹ́lẹ̀. Owó náà lè dà bí ẹni pé ó kéré lójú ẹni tí ó ń gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí èrè rẹ̀ lórí ẹrù kan kò ju ìwọ̀nba lọ mọ̀ pé ẹyọ ẹyọ ni adìyẹ ń ṣa àgbàdo tí apẹ̀rẹ̀ fi ń ṣófo.

Ọ̀rọ̀ ààbò sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà kan náà ni Nìjẹ̀ jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó ń bá Boko Haram jà ní agbègbè Adágún Chad. Ní ìpínlẹ̀ Sókótó àti Kebbi, àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní Lakurawa ti ń gba ààlà wọlé láti ìhà Nìjẹ̀ àti Màlì. Olè kì í béèrè bóyá ilé méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jọ ń sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá sọ̀rọ̀, ayọ̀ ni fún un.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Màlì, Bùkínà Fasò àti Nìjẹ̀ jáde nínú ECOWAS, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń jáde, wọn kò fi ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń ná owó sẹ́fà sílẹ̀. Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Senegal àti Côte d'Ivoire wà nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú wọn. Nàìjíríà àti Gánà kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, okùn kan ṣì so àwọn tí ń ná sẹ́fà pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta náà. Okùn tí ó so Nàìjíríà mọ́ wọn ni ó já.

KÍ NI Ó WÁ KÙ?

Ilẹ̀kùn kò tíì tì pátápátá. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, àwọn olórí AES kéde pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS yòówù lè wọ ilẹ̀ àwọn láìgba físà, kí ó gbélùú, kí ó sì máa lọ máa bọ̀, bí ó bá pa òfin mọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n jáde, ECOWAS náà pàṣẹ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó kù máa gba ìwé ìrìnnà àti káàdì ìdánimọ̀ àwọn mẹ́ta náà tí ó ní àmì ECOWAS, kí wọ́n sì máa jẹ́ kí ọjà wọn wọlé bí ti tẹ́lẹ̀, títí wọn yóò fi sọ ohun mìíràn. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2025, àwọn aṣojú ìhà méjèèjì jókòó ní Bamako láti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò.

Ṣùgbọ́n inú rere kì í ṣe òfin. Ohun tí a fi ìkéde gbé kalẹ̀, ìkéde mìíràn lè gbé e kúrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ Yorùbá tí ó ń ná ọjà Maradi tàbí Niamey yóò ṣe dáadáa bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, dípò kí ó gbẹ́kẹ̀ lé káàdì nìkan. Kí ó gba ìwé ìgbélùú bí ó bá ń gbé níbẹ̀. Kí ó máa tọ́jú ìwé tí ó fi san owó ibodè. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n kí ó tó gbéra, kí ó má ṣe gbára lé ohun tí ó gbọ́ ní gáréèjì. Bí ó bá sì dé ọ̀hún, kí ó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà mọ̀ pé òun wà ní ìlú. Àwọn tí ó fi ẹrù sílẹ̀ ní Gánà ní ọdún 1969, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka ìwé ìgbélùú sí nǹkan kan, nítorí pé wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbàgbé pé àlejò ni àwọn.

Mọ̀riténíà tí ó jáde ní ọdún 2000 kò kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, ó padà wá fi ọwọ́ sí ìwé àjọṣe pẹ̀lú ECOWAS lórí òwò, nítorí pé ẹni tí ó kúrò nílé kò lè kó àwọn aládùúgbò rẹ̀ dání lọ. Bí àwọn mẹ́ta yìí yóò padà wọlé tàbí wọn yóò dúró síta, Illela kò ní sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọ́nní. Ènìyàn tí ó lé ní 70 mílíọ̀nù ni ó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn yóò máa jẹun, wọn yóò máa wọṣọ, wọn yóò sì máa wá ọjà.

ECOWAS jẹ̀bi, nítorí pé ó yára mú pàṣán, ó sì pẹ́ kí ó tó ju ú sílẹ̀. Àwọn ológun jẹ̀bi, nítorí pé a kì í bínú orí kí a fi fìlà dé ìbàdí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bi àwọn tí ó ni orí náà léèrè. Ìjíròrò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Bamako kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ta ni ó jàre nìkan. Ohun tí àwọn tí ń rìn lójú ọ̀nà ń retí ni ìwé kan tí ìhà méjèèjì fi ọwọ́ sí, èyí tí ó sọ ní kedere ohun tí ènìyàn yóò san, ìwé tí yóò mú dání, àti iye ọjọ́ tí yóò lò. Títí ìwé náà yóò fi jáde, orí ìlérí ni oníṣòwò tí ń ti Illela lọ sí Kọ́nní ń rìn.